Ẹni Tó Ń Fún Omi Lóúnjẹ

Ní ilé ìtẹ̀wé kan tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù bàtà, obìnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa wá àṣìṣe ọmọlàkejì lọ. Kò sí ìwé tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ tí kò ní kọ́kọ́ gba orí tábìlì rẹ̀ kọjá. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti wà nídìí rẹ̀, bírò pupa kan lọ́wọ́, òmíràn nínú irun. Bírò Pupa náà ni wọ́n ń pè é. Kò bínú sí i, torí pé nínú gbogbo ohun tí àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ ti gbé kalẹ̀, orúkọ yẹn nìkan ni kò rí àṣìṣe nínú rẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni. Ọkùnrin mẹ́ta ti wá bá a sọ̀rọ̀ ìfẹ́ rí. Ẹni àkọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí i. Ó dá lẹ́tà náà padà fún un, ó ti fa ìlà sí ibi mọ́kànlá nínú rẹ̀. Ẹni kejì sọ pé obìnrin tó bá kàwé jù, orí rẹ̀ a máa le. Ó ní kí onítọ̀hún fọkàn balẹ̀, ìwé kò tíì ṣe orí tirẹ̀ ní nǹkan kan. Ẹni kẹta kò ṣẹ̀ ẹ́, àfi pé ó máa ń dún lẹ́nu bó bá ń mu tíì. Ìyẹn náà tó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ni ọkùnrin kan gun àtẹ̀gùn wọn wá, ó fi gíláàsì sí abẹ́ apá bí ẹni gbé ọmọ. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí wíńdò ẹ̀gbẹ́ tábìlì Bírò Pupa ti fọ́, páálí ni wọ́n fi dí i.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Èwo ni wíńdò náà?"

"Èyí tó fọ́ ni."

Ọkùnrin náà wo wíńdò, ó wo Bírò Pupa, ó gbé gíláàsì rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó fa téèpù yọ, ó wọn ojú wíńdò. Ó tún un wọ̀n. Ó tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀kẹta.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ wọ̀n ọ́n," ni Bírò Pupa wí, kò gbójú sókè. "Ṣé ó ń dàgbà ni?"

"Rárá o. Èmi ni mo máa ń ṣe àṣìṣe. Tí mo bá sì ti gé gíláàsì, kò sí bírò tó lè tún un ṣe."

Ìgbà yẹn ló gbójú sókè. Láti ọdún mẹ́sàn-án tó ti ń bá àwọn ọkùnrin olówó àti ọ̀mọ̀wé ṣe, kò tíì sí ẹnì kan tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún un pé òun máa ń ṣe àṣìṣe. Gbogbo wọn ló máa ń ní ẹ̀rọ ló ṣe é.

Nígbà tí ọkùnrin náà ṣe tán, ó ṣa àjẹkù gíláàsì jọ, ó bẹ ọ̀gá wọn kó fún òun. Bírò Pupa bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe.

"Ilé ẹja, mà."

"Ẹja wo?"

"Ẹja wẹ́wẹ́. Wọn ò tó ìka ọwọ́ yín."

"Ẹ ń jẹ wọ́n?"

"Wọn ò ṣeé jẹ."

"Kí wá ni wọ́n ń ṣe fún yín?"

Onígíláàsì ro ó gan-an, bí ẹni pé ìbéèrè gidi ni. "Wọn ò ṣe nǹkan kan. Mo máa ń wò wọ́n ni."

Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni Bírò Pupa fi ń rẹ́rìn-ín ẹ̀sín nínú. Àgbàlagbà tó ń wo ẹja. Ó rẹ́rìn-ín náà títí, ó wá ṣàkíyèsí pé òun kò tíì ka ojú ìwé kan tán láti aago méjì.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọkùnrin náà padà wá, ó ní òun fẹ́ yẹ pọ́tì tóun fi lẹ gíláàsì wò bóyá ó ti gbẹ. Ó ti gbẹ. Ó padà wá ní ọjọ́ kẹta, ó ní pọ́tì a máa gbẹ lójú kó má gbẹ nínú. Nígbà tó wá lẹ́ẹ̀kẹrin, Bírò Pupa ti gbé ife tíì kejì sórí tábìlì, ó sì tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa bí ọkùnrin náà ṣe ń mu ún. Kò dún lẹ́nu.

Báyìí ló ṣe di pé ó bá a dé ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan. Ìsọ̀ náà kò fẹ̀ ju yàrá kan lọ: gíláàsì níbí, igi fírémù lọ́hùn-ún, ibùsùn pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ká sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Onígíláàsì sọ fún un pé lórí ibùsùn yẹn lòun sùn fún ọdún mẹ́rin ààbọ̀ nígbà tóun ń kọ́ṣẹ́, tó jẹ́ pé òtútù oṣù kìíní ọdún kejì ni òun kò ní gbàgbé, torí wọ́n ta aṣọ ìbora òun mọ́ àwọn ẹrù ọ̀gá tó jẹ gbèsè. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ka ìwọ̀n wíńdò. Kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó káàánú òun.

Lábẹ́ àtẹ̀gùn, níbi tí oòrùn kì í dé, àpótí gíláàsì kan wà níbẹ̀ tí kò ga ju ìgbọ̀nwọ́ lọ. Gílóòbù kékeré kan ló ń tàn lé e. Omi inú rẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi lè rò pé kò sí. Ewé nípọnnípọn rọ̀ mọ́ ara òkúta, òmíràn dà bí irun tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, àwọn ẹja tó kéré ju èékánná lọ sì ń gba àárín wọn kọjá láìkánjú, bí ará ilé tó mọ ibi tí àga wà.

Bírò Pupa jókòó sórí agolo ọ̀dà kan. Ó fẹ́ wá àléébù kan níbẹ̀. Nígbà tó wo aago, ó ti lo ìṣẹ́jú márùndínlógójì, kò tíì rí i.

"Èlò lẹ ra gbogbo eléyìí?"

"Àjẹkù ni gbogbo rẹ̀. Gíláàsì, àjẹkù. Yanrìn, ti ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé ni. Ewé yìí, ọ̀rẹ́ mi kan ya ẹ̀ka rẹ̀ fún mi. Àwọn ewé tí kò fẹ́ oòrùn ni. Wọn ò retí nǹkan púpọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn." Ó fi apá ṣẹ́ẹ̀tì nu ojú gíláàsì náà. "Wọn ò dà bí ìwọ."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pè é ní ìwọ. Ó gbọ́ ọ, kò sì tún un ṣe.

Ilé wá kù. Bàbá Bírò Pupa jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì. Láti ọjọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, kò sí ẹni tó ń dìde mọ́ bó bá wọlé, kò sì tíì dárí ji ayé fún un. Àbúrò bàbá náà tó jẹ́ obìnrin ló tọ́ Bírò Pupa dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀. Àǹtí ni gbogbo ilé ń pè é. Àǹtí ti rí ọkọ fún un. Ọ̀gá Apòògùn ni, tó ní ilé oògùn ńlá ní ìkòríta, tí ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ ti kó lọ.

"Kí ló dé tó fi kó lọ?" ni Bírò Pupa bi í.

"Àárẹ̀ ló mú un."

"Níwájú apòògùn?"

"Wò ó, má fi ọ̀rọ̀ dá mi lágara. Ọkùnrin yẹn ní àpótí ẹja ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó gùn ju ibùsùn rẹ lọ. Bó bá jẹ́ ẹja ló ń wù ẹ́, gbé orí rẹ síbi tó fẹ̀."

Ó tẹ̀lé Àǹtí lọ wò ó. Òótọ́ ni, àpótí náà gùn. Iná bíi mẹ́fà ló ń tàn lé e, ewé rọ́bà ló wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni. Bí wọ́n ṣe dúró síbẹ̀, ọkùnrin kan wọlé pẹ̀lú àwọ̀n àti ọ̀rá omi, ó kó ẹja méje tó ti kú kúrò, ó da méje tuntun sí i, ó lọ.

"Ṣé wọ́n máa ń kú ni?"

"Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀," ni Ọ̀gá Apòògùn wí, ó ń yọ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ máa kíyè sí i pé iye wọn kì í dín."

Kí Bírò Pupa tó dé ilẹ̀kùn, ó ti pinnu pé onígíláàsì lòun yóò fẹ́. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé kò tíì fẹ́ ohun tí bàbá rẹ̀ kò bọwọ́ lù rí. Láti kékeré, nínú gbogbo iṣẹ́ tó bá gbé wá sílé, bàbá ló ń wo ìkẹyìn. Bí bàbá bá kọ onígíláàsì, ó mọ ara rẹ̀ dájú pé òun náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rí àléébù ọkùnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ìfẹ́ yóò fi kú. Nítorí náà kò sí ọ̀nà mìíràn. Bàbá gbọ́dọ̀ gbà.

Onígíláàsì wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá ní ọ̀sán Sátidé, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí a ti fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ gbọnrangandan. Bàbá kò ní kó jókòó.

"Kí lo kà?"

"Ilé-ìwé alẹ́ ni mo lọ, sà. Ọdún mẹ́ta."

"Ilé-ìwé alẹ́. Ìgbà tí àwọn ènìyàn ń sùn."

"Èmi náà máa ń sùn níbẹ̀, sà. Ṣùgbọ́n mo yege."

Àǹtí wúkọ́ nínú yàrá ìdáná. Bàbá yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó wọ̀ ọ́ padà, bí ẹni pé gíláàsì ojú rẹ̀ ló ń purọ́ fún un nípa ohun tó dúró níwájú rẹ̀.

"Wọ́n ní o ń sin ẹja."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dáa. Ṣé o rí igun yẹn?" Ó nàka sí igun pálọ̀ tó dojú kọ àga rẹ̀, tí oòrùn kò tíì fojú kàn láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́lé. "Ìkòkò òdòdó mẹ́rin ló ti kú síbẹ̀. Bí ẹja rẹ bá lè wà láàyè níbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, kí o padà wá bá mi sọ̀rọ̀ ọmọ mi. Máa lọ báyìí."

Lédè mìíràn, má padà wá mọ́. Ọmọ kékeré yóò gbọ́ ọ yé. Ṣùgbọ́n onígíláàsì ní "Ẹ ṣeun, sà," ó kúnlẹ̀ síbi igun náà, ó fa téèpù yọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ilẹ̀ wọn lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ló gbé àpótí tuntun wá. Àjẹkù gíláàsì ni, ó fi gọ́ọ̀mù dúdú lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ó ti pọn omi kún un fún ọjọ́ méjì nísọ̀ rẹ̀ kó lè mọ̀ bóyá ó ń jò. Ó gbé e ka orí àpótí rédíò àtijọ́ kan tó gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Bírò Pupa ló bá a fọ yanrìn nínú garawa lẹ́yìnkùlé, ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá, kí omi rẹ̀ tó mọ́. Wọ́n se òkúta lórí iná. Onígíláàsì mú òwú ìránṣọ, ó so ewé nípọnnípọn náà mọ́ òkúta, ó sì kọ́ ọ.

"Eléyìí, a kì í rì í mọ́lẹ̀. Bí o bá bo igi ìdí rẹ̀ mọ́ yanrìn, jíjẹrà ló máa jẹrà. Jẹ́ kó di òkúta mú fúnra rẹ̀."

"Ìgbà wo ló máa dì í mú?"

"Nígbà tó bá wù ú."

Ó so fóòmù kan mọ́ ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi, ó gbé gílóòbù kan lé e lórí, ó ní wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ ti tó. Lẹ́yìn náà, ó fi ìka bu oúnjẹ ẹja fíntínfíntín, ó wọ́n ọn sínú omi tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Bàbá gbé ìwé ìròyìn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹja náà dà?"

"Ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún, sà. Omi tuntun kì í gba ẹja. Ìgbẹ́ ẹja a máa di májèlé nínú rẹ̀. Àwọn nǹkan kan wà tí ojú ò rí, àwọn ló ń jẹ májèlé náà. Ìyẹn ni mò ń bọ́, kí wọ́n lè pọ̀ kí onílé tó dé."

Àǹtí jáde láti yàrá ìdáná láti wá wo ojú ẹni tó sọ̀rọ̀ náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo gbọ́ ọ dáadáa? Ó ń fún omi lóúnjẹ?" Ó yíjú sí Bírò Pupa. "Ọmọ mi, ẹni tó ń fún omi lóúnjẹ, kí ló fẹ́ fún ìwọ?"

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀sín di oúnjẹ àárọ̀ nínú ilé náà. Bí Bírò Pupa bá ti bu oúnjẹ sómi kó tó lọ síbi iṣẹ́, Àǹtí a ní, "O kú oúnjẹ o, omi. Ṣé o yó?" Lọ́sẹ̀ kejì, ewé díẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, omi sì funfun bíi pé wọ́n fọ ìrẹsì sínú rẹ̀. Onígíláàsì ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Bàbá jókòó kọjú sí i lójoojúmọ́ bí adájọ́ tó ń dúró de ẹlẹ́wọ̀n. Ní ọjọ́ Ẹtì, Ọ̀gá Apòògùn yà kí wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú àpótí náà, ó fẹ́ ojú mọ́ ọn.

"Àwọn ẹja yìí mà dáa o," ló wí. "Wọn ò jẹun púpọ̀. Wọn ò ní kú láéláé."

Àǹtí rẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn mú. Bàbá kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó wo ọmọ rẹ̀ bó ṣe máa ń wo ọmọ ilé-ìwé tó bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kejì.

Bírò Pupa lè fara da ebi. Ó ti fara dà á, oṣù méje lọ́dún tí bàbá rẹ̀ wà lọ́sibítù, búrẹ́dì lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Ẹ̀sín ni kò tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń fara dà á, torí òun ló máa ń fi àwọn ẹlòmíràn ṣe é. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí bàbá jáde lọ nasẹ̀, ó lọ bá ọkùnrin alàwọ̀n tó ń kó ẹja fún Ọ̀gá Apòògùn, ó ra mẹ́fà, ó dà wọ́n sínú omi. Nígbà tí bàbá wọlé tó bi í, ó ní, "Onígíláàsì ló fi wọ́n rán mi, sà. Ó ní ó ti tó àsìkò."

Ọjọ́ mẹ́ta ni ilé dákẹ́. Bàbá tilẹ̀ fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn. Ní ọjọ́ kẹrin, àwọn ẹja náà kò lúwẹ̀ẹ́ mọ́. Wọ́n kó ẹnu jọ sójú omi, wọ́n ń gbé ẹnu bí ẹni tó ń ṣàdúrà láìsí ohùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹfà, mẹ́rin ti kú, wọ́n yí ikùn sókè.

Àǹtí ló ránṣẹ́ pe onígíláàsì fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ òun. Ọkùnrin náà dé pẹ̀lú pọ́tì lọ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo òkú ẹja, ó wo àwọn méjì tó kù.

"Àwọn ẹja tí o fi rán ọmọ mi nìyẹn," ni bàbá wí. "O ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún. O kó wọn wá ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n sì kú. Ẹni tí kò lè tọ́jú ohun tí kò tó ìka, ṣé òun ni yóò tọ́jú ènìyàn? Sọ ohun tí o fẹ́ sọ."

Onígíláàsì yíjú sí Bírò Pupa. Kò fi ojú bi í ní nǹkan kan. Ó kàn wò ó ni, bó ṣe máa ń wo gíláàsì kó tó gbé irin lé e. Bírò Pupa la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà kò ju mẹ́ta lọ: èmi ni, sà. Ó wo ojú bàbá rẹ̀, ó pa ẹnu dé.

"Ẹ̀bi mi ni, sà," ni onígíláàsì wí.

Ó bu ìdajì omi inú àpótí náà kúrò, ó da omi tó ti sùn nínú garawa sí i, ó kó òkú ẹja sínú ìwé ìròyìn, ó lọ. Kò padà wá. Bírò Pupa pè é lórí fóònù títí ọ̀sẹ̀ fi parí. Kò gbé e.

Inú ọ̀sẹ̀ yẹn ni Bírò Pupa mọ bí ènìyàn ṣe ń gan ara rẹ̀. Bó bá dé ibi iṣẹ́ tó rí àṣìṣe nínú ìwé ẹnì kan, bírò a dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ló ń tún ti ta ṣe? Ó ronú pé ohun tóun ṣe kì í ṣe ti àìmọ̀. Ọkùnrin náà ti sọ fún un, ó ti ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, ó ti ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó pa ẹja mẹ́rin torí kí apòògùn kan má bàa rẹ́rìn-ín, ó sì ti ẹ̀bi rẹ̀ sí ọkùnrin kan lọ́rùn.

Kò mọ ohun tí òun lè ṣe, nítorí náà ó ṣe èyí tó wà níwájú rẹ̀. Ní àràárọ̀, ó ń bu ìdá kan nínú mẹ́ta omi náà kúrò, ó ń da omi àná sí i. Garawa méjì, láti ẹ̀rọ omi dé pálọ̀, lójoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ̀yìn dùn ún. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le. Àwọn ẹja méjì náà kò kú. Lọ́sẹ̀ karùn-ún, ewé tuntun kan yọ lára èyí tó wà lórí òkúta, ó kéré bí etí eku, kò sì sí ẹni tó ní kó yọ.

Àǹtí kò dákẹ́. "Ọ̀gá Apòògùn ní òun ò lè máa dúró títí."

"Kó má dúró mọ́, mà."

"Kí ni o rí lára rẹ̀ gan-an?"

"Mi ò fẹ́ jẹ́ ẹja kẹjọ."

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, ó kúnlẹ̀ níwájú àga bàbá rẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún.

"Èmi ni mo pa ẹja yẹn, sà. Kò mọ̀ nípa rẹ̀. Èmi ni mo rà wọ́n, èmi ni mo purọ́ fún yín."

Bàbá ti awò ojú rẹ̀ sókè imú. "Nígbà tó ní ẹ̀bi òun ni, ó mọ̀ pé ìwọ ni?"

"Ó mọ̀, sà."

"Nígbà náà, òpùrọ́ ni òun náà. Ó dúró nínú pálọ̀ mi, ó wo ojú mi, ó purọ́. N kò lè fún òpùrọ́ lọ́mọ."

"Sà, kò sí ẹni tó ń tọrọ ọmọ lọ́wọ́ yín mọ́," ni Bírò Pupa wí. "Kò fẹ́ mi mọ́. Mo fẹ́ lọ bi í bóyá òun ṣì lè fẹ́ òpùrọ́."

Ó dìde, ó lọ. Ó bá onígíláàsì nísọ̀, ó ń gé gíláàsì. Kò gbójú sókè títí ó fi gé e tán.

"Ẹ káàsán, Àǹtí."

Ó ti padà di Àǹtí. Ó dùn ún ju bó ṣe rò lọ.

"Mo ti sọ fún wọn," ló wí.

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní òpùrọ́ ni ẹ́."

Ọkùnrin náà gbé irin ìgégíláàsì sílẹ̀. "Ṣé o mọ̀ pé mo kà? Lẹ́yìn tí mo sọ pé ẹ̀bi mi ni, mo ka ení dé ẹ̀wá nínú mi. Mo ní, bó bá sọ̀rọ̀ kí n tó dé ẹ̀wá, ọ̀rọ̀ parí. Mo ka ẹ̀wá. Mo tún un kà. Nígbà tí mo ń kó òkú ẹja, mo ṣì ń kà."

"Mo gbọ́."

"O ò gbọ́. Gbogbo ayé ni o máa ń bẹnu àtẹ́ lù. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó kàn ọ́, o wojú bàbá rẹ. Bí a bá fẹ́ra, ojú ta ni o fẹ́ máa wò?"

Gbogbo èsì tó wá sí i lẹ́nu ló ní àṣìṣe nínú. "Mi ò mọ̀," ló wí níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀ lónìí, mo sọ ọ́, wọ́n sì bínú, mi ò kú."

Onígíláàsì kò rẹ́rìn-ín. Ó bi í pé, "Mélòó ló kù?"

"Méjì."

"Láti ìgbà yẹn? Kí lò ń ṣe?"

Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí i. Ọkùnrin náà wò wọ́n, ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ tí gíláàsì ti gé rí tẹ ibi tó le níbẹ̀.

Bàbá ló ránṣẹ́ pe onígíláàsì. Ó dé lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e. Àǹtí dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ lérí.

"Ìbéèrè kan ni," ni bàbá wí. "Ta ló pa ẹja?"

Onígíláàsì wo Bírò Pupa tó jókòó sórí àpótí ìtìsẹ̀. Bírò Pupa kò mi orí sí i, kò sì ṣẹ́jú.

"Ọmọ yín ni, sà."

"Ẹ gbọ́ nǹkan," ni Àǹtí wí. "Ọkùnrin tó wá tọrọ ìyàwó, ẹjọ́ ìyàwó ló ń rò."

"Ṣé òótọ́ ló sọ?" Bàbá ń bi ọmọ rẹ̀.

"Òótọ́ ni, sà."

Bàbá yíjú sí onígíláàsì. "Ìwọ, kí ló dé tí o fi purọ́ fún mi nígbà yẹn?"

"Mo rò pé mo ń gbà á sílẹ̀ ni, sà." Ó yíjú sí àpótí ẹja. "Ó sì tún dùn mọ́ mi. Ó ti pẹ́ tí ọmọ yín ti ń fi ojú kékeré wò mí. Lọ́jọ́ yẹn, èmi ni mo ga."

Bírò Pupa kò gbọ́ èyí rí. Ó bí i nínú, ó sì rọ̀ ọ́ lọ́kàn, nígbà kan náà.

Bàbá yọ awò ojú rẹ̀. Ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì.

"Ọ̀kan pa ẹja, ó fi pamọ́. Èkejì mọ̀, ó fi irọ́ ṣe ọ̀ṣọ́. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, n kò rí ẹni méjì tí àléébù wọn bá ara mu tó báyìí. Ẹ lọ fẹ́ ara yín. Bí n kò bá jẹ́ kí ẹ fẹ́ ara yín, ilé ẹlòmíràn lẹ ó lọ bà jẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Àǹtí wí, "oṣù mẹ́ta ò tíì pé o. Mo kà á."

"Máa kà á lọ," ni bàbá wí, ó sì gbé ìwé ìròyìn rẹ̀ bojú.

Àwọn méjèèjì jáde. Wọ́n rìn kọjá géètì, wọ́n dé ibi òpó iná. Onígíláàsì ló kọ́kọ́ dúró.

"Èyí tí bàbá rẹ sọ yẹn, ṣé wọ́n gbà ni?"

"Bí wọ́n ṣe ń gbà nìyẹn."

"Tí wọ́n bá wá kọ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín síni ni."